Báàgì Kan Ṣoṣo Tó Kù

Kò sẹ́ni tó ń gbé báàgì wọ ilé-ìkàwé tuntun tó wà ní yunifásítì kan. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún Morólárí, òun náà á sì fún wọn ní káàdì tó ní nọ́ńbà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí gbogbo èèyàn ti lọ, báàgì kan ṣì kù. Inú bí Morólárí. Ó dá a lójú pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fara pamọ́ sínú ilé, tó ń fi bíléèdì gé ojú ìwé láti jí i lọ.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wọlé. Bí igbó ni wọ́n ṣe kọ́ ibẹ̀: àwọn òpó sìmẹ́ǹtì rí bí igi ńlá, ẹ̀ka wọn ló gbé òrùlé dúró. Ó ń gbọ́ bí ewé ṣe ń mì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo fèrèsé ló wà ní títì.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, mà," ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn lẹ́yìn òpó tó kángun sí ògiri. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé báàgì mi wá. Mi ò lè rìn mọ́."

Ẹ̀tàn ni Morólárí ka èyí sí. "O ò lè rìn kẹ̀? Mú káàdì rẹ wá ná."

Ọwọ́ kan na káàdì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Káàdì náà tutù, ó sì ń lẹ̀ bí oje igi. Morólárí gbà á, ó sáré yí òpó náà po kó lè gbá olè rẹ̀ mú.

Kò bá ẹnì kankan níbẹ̀, àfi bàtà méjì.

Ó yí iná tọ́ọ̀ṣì padà sí ọwọ́ yẹn. Inú òpó ló ti yọ jáde. Ó ṣì nà síta, ó ń dúró de báàgì.