Pápá Tó Ń Rántí Ẹsẹ̀

"Kóòṣì, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé yín lọ sÉkòó ti dé o," Akínlàjà, igbákejì Mobọ́ládé, pè é.

"Kó dúró ná." Ní yunifásítì wọn, kóòṣì tó bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lásán rìn yí pápá ká.

Mobọ́ládé bọ́ bàtà. Bó ṣe tẹ ilẹ̀ báyìí, ipasẹ̀ gbogbo ọmọ tó ti kọ́ ní eré sísá tàn yanran, wọ́n ń sá lọ níwájú rẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé wọn lọ.

Lẹ́nu géètì ló ti bá ipasẹ̀ ara rẹ̀ nígbà èwe. Èyí ò sáré. Ó dúró, ó kọjú síta, síbi tí kóòṣì tirẹ̀ gbà lọ tí kò padà mọ́.

"Akínlàjà, ní kí ọkọ̀ yẹn máa lọ. Kó o sì ti géètì."