Láàárín Ìlà Kẹta àti Ìlà Kẹfà

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá fún wọn, àmọ́ aago mẹ́jọ kò tíì lù tí aránṣọ kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì. Ọdọọdún ni ìjọba ń pe àwọn ọmọ tí ojú wọn kò ríran dáadáa wá síbẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n lè mọ irú ìrànlọ́wọ́ tí wọn yóò máa rí gbà nílé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ náà. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé, torí pé ọ̀rọ̀ tó o bá sọ lọ́dún tó kọjá, ó lè kà á sí ọ létí láìfo ẹyọ kan, pàápàá tó bá jẹ́ pé o ti ṣèlérí nǹkan fún un. Láìpẹ́ yìí ó tún ti ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú bí wọ́n bá ń rìn, bí ọmọ jòjòló. Ìyá ní àṣejù ni.

Ìyá yìí mọ òfin àyẹ̀wò náà bó ṣe mọ ìwọ̀n ọrùn àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìwé ńlá kan tó ti gbó létí ló máa ń wà lára ògiri, ìlà lẹ́tà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ti òkè ló tóbi jù, wọ́n sì ń kéré bọ̀ wálẹ̀. Ọmọ tí kò bá kọjá ìlà kẹta, ilé-ìwé àwọn afọ́jú ló ń lọ, ọ̀nà jìn, ibẹ̀ ni yóò sì máa sùn. Ọmọ tó bá kọjá ìlà kẹfà, ìjọba gbà pé ojú rẹ̀ ti dá. Wọ́n á gba awò tó ń sọ lẹ́tà di ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì mú olùkọ́ tó ń jókòó tì í ní kíláàsì lọ fún ọmọ mìíràn. Àárín ni ìyá ń wá. Ó ti ń gbàdúrà ìlà kẹrin láti ọjọ́ tí lẹ́tà ìpè ti dé, ó sì ń tì í lójú, torí kò mọ ìyá mìíràn tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ojú ọmọ òun má tíì dá.

Lọ́dún tó kọjá, ìlà kẹrin náà ni Lọ́yà kà dé. Olùkọ́ rẹ̀ bá wọn wá nígbà yẹn. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òun sún mọ́ ìwé ara ògiri, ó sì ń fi imú kàn án bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, títí ọ̀gá àyẹ̀wò fi ní kí wọ́n máa lọ. Ìyá sunkún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹkún ìtura ni, àmọ́ ọmọdé kì í mọ oríṣi ẹkún.

"Màámi, ṣé mo feèlì ni?"

"Ó máa dáa lọ́dún tó ń bọ̀," ni ìyá fèsì, kó lè dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Akunlé kan jáde pẹ̀lú garawa ọ̀dà lọ́wọ́.

"Ẹ rọra wọlé o, màámà. Ilẹ̀ ń yọ̀."

Wọ́n ti tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ káàkiri ilẹ̀. Ìyá di èjìká Lọ́yà mú, kò gbé ojú kúrò lára ẹsẹ̀ ọmọ náà títí ó fi fi í jókòó. Ọ̀gá àyẹ̀wò ti ń kọ̀wé. Ọmọ méjìlélógún ló wà lórúkọ lọ́jọ́ náà.

"Màámà, ẹ jókòó. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ kọjú sí."

Òfin ni. Òbí kan ti fi ẹnu júwe lẹ́tà fún ọmọ rẹ̀ rí, láti ìgbà náà ni gbogbo òbí ti ń kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀, abẹ́ ìwé lẹ́tà ló máa ń jókòó sí, yóò kọjú sí ọmọ, yóò sì máa wo ẹ̀dà kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìlà kìíní."

Lọ́yà kà á. Ó ka ìkejì àti ìkẹta. Nígbà tó ka ìkẹrin tán, ìyá mí kanlẹ̀; ilé-ìwé ọ̀nà jíjìn ti yẹ̀.

Ó tó báyìí, ni ìyá sọ nínú ara rẹ̀.

Lọ́yà ka ìkarùn-ún, kò kọsẹ̀. Ìyá tẹjú mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ wúkọ́, ó fẹ́ jẹ́ kí báàgì já bọ́. Nígbà tí ìkẹfà kọjá, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí ni yóò sọ? Ta ló ń dìde láti jiyàn pé ọmọ òun kò ríran? Ìkeje lọ. Ìkẹjọ náà lọ.

"Ìlà kẹjọ," ni ọ̀gá àyẹ̀wò wí. "Èmi alára, gíláàsì ni mo fi ń rí i. Màámà, ẹ kú oríire. Ojú ọmọ yín ti dá."

"Màámi, ṣé mo páàsì?"

"O páàsì, ọmọ mi." Ayọ̀ dé bá ìyá níbi tí ẹ̀rù jókòó sí, ó sì ṣòro fún un láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀gá náà na fọ́ọ̀mù sí i láti ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá, tí ojú náà bá tún yí padà ńkọ́?"

"Ẹ kọ̀wé wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ó ka gbogbo ẹ̀ tán létí yín, màámà. Ta lẹ fẹ́ kí n sọ fún pé kò ríran?"

Ìyá gbé fọ́ọ̀mù lé orúnkún, ó bọwọ́ lù ú. Ọ̀gá gbà á, ó lu òǹtẹ̀.

"Ó ku awò ìjọba."

Ìyá yọ awò náà nínú báàgì Lọ́yà, ó dìde, ó yí padà láti gbé e sórí tábìlì, ó sì rí ìwé lẹ́tà náà ní kíká lórí kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú okùn nídìí, àti ògiri tó wà lẹ́yìn orí ọ̀gá àyẹ̀wò, funfun láúláú, tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù, tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ ju ìṣó mẹ́rin lọ.