Ilé Tó Gbẹ̀yìn

Lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú Kérésìmesì, wọ́n ṣí ilé àtijọ́ mẹ́rin sílẹ̀ ní Harlem kí èèyàn lè wọlé wo ọ̀ṣọ́ ọdún tí wọ́n ṣe sí wọn. Àwọn onílé ṣì ń gbé inú mẹ́ta nínú wọn. Ìkẹrin jẹ́ ilé dókítà kan láyé ọjọ́un. Ní báyìí, àwọn tí kò lè dá tọ́jú ara wọn mọ́ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Lọ́kàn Kànmí Johnson, ọ̀rọ̀ ti parí: ibẹ̀ ni òun yóò fi ìyá òun sílẹ̀ sí lọ́jọ́ náà. Kò tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún wọn.

Wakefield, ládùúgbò wọn, ni wọ́n ti wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, wá, Kànmí gbé báàgì ẹrù lọ́wọ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ilé ló ń wà kí Màmá má baà dá wà. Nínú ọkọ̀, Màmá di apá kóòtù rẹ̀ mú pinpin, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé ibùdókọ̀ 125th Street ní Harlem. Kànmí sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ìyá tó ti ń dá wọ ọkọ̀ yìí lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́! Àánú wọn ṣe é.

Joanna, obìnrin tó ń mú àwọn àlejò káàkiri, dé fìlà pupa. Nílé àkọ́kọ́, igi Kérésìmesì ga kan àjà, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

"Àtẹ̀gùn nìyí, Kànmí. Rọra gùn ún," ni Màmá wí.

"Màmá, mo rí i."

Wọ́n tún sọ ọ́ níbi àtẹ̀gùn kejì. Bí ìgbàgbé àgbà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Kànmí rò ó wò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á máa tún sọ títí yóò fi sú etí.

Nílé kejì, igi ń jó nínú ààrò ara ògiri. Òórùn rẹ̀ rán Kànmí létí ìkòkò ẹ̀wà tó jóná lórí sítóòfù wọn, èéfín tó gba ilé kan, àti àwọn panápaná lẹ́nu ọ̀nà. Màmá jókòó sórí àga lọ́jọ́ náà. Kò bá wọn wí. Ta ló máa bá arúgbó wí nítorí ìkòkò? Àmọ́ Susan, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Houston, ń sunkún lórí fóònù pé kò lè máa lọ báyìí, pé ilé máa jó lọ́jọ́ kan. Kànmí sì gbà. Òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yẹn kò jẹ́ kó gbádùn láti ìgbà náà.

Èyí tó dùn ún jù ni ti àárọ̀ àná. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Màmá ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, aṣọ tí kò bá ní orúkọ lára, bó bá fi dé ibi ìfọṣọ, ẹlòmíì ló máa wọ̀ ọ́. Kànmí bá wọn ní pálọ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, wọ́n ń rán JOHNSON sí ọrùn aṣọ, bí ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sì ni. Kò lè dúró wò ó. Ó padà sí yàrá.

Nílé kẹta, àwọn ọmọdé ń kọrin ìbí Jésù. Kànmí bi Joanna pé ilé mélòó ló kù.

"Ẹyọ kan ṣoṣo, sà," Joanna tún dá a lóhùn jẹ́jẹ́. Ọkùnrin àlejò kan tó dúró tì wọ́n bojú wolẹ̀.

Kànmí fa Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ilé yìí náà ti tó, jàre."

"Ó ku ọ̀kan, Àlàó." Ó pẹ́ tí wọ́n ti fi oríkì pè é kẹ́yìn.

"Màmá, ẹ ó dárí jì mí?"

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò tíì ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni."

Màmá fi ọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kànmí, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Èmi ni kó o dárí jì, ọmọ mi."

Ọkàn wọn ti dàrú pátápátá, Kànmí wí nínú ara rẹ̀, ìbànújẹ́ sì bò ó mọ́lẹ̀.

Nílé tó gbẹ̀yìn, àwọn arúgbó jókòó yí igi Kérésìmesì ká, wọ́n dé fìlà pépà. Àwọn àlejò yòókù wò yíká, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì bá Joanna jáde. Nọ́ọ̀sì ará Cuba kan tó ń jẹ́ Caridad wá bá Kànmí àti Màmá. Ó ti mọ orúkọ wọn kí wọ́n tó sọ ọ́. Ó gba báàgì náà, ó sì mú wọn wọ yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì.

Kànmí ti múra ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò ní pẹ́ wá wò yín," bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ wí. Ó na ọwọ́ láti bá Màmá bọ́ kóòtù wọn.

Ṣùgbọ́n kóòtù tirẹ̀ ni Màmá ń tú bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, Caridad sì ń fi àwọn ṣẹ́ẹ̀tì Kànmí tó ní JOHNSON lọ́rùn kọ́ sínú wọ́díróòbù lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Màmá wí fún un pé, "Mi ò ní pẹ́ wá wò ẹ́."