Ọkùnrin Tó Fẹ́ Gba Gbogbo Ayé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Jubril ti wá tọrọ Karimat, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Àlàájì Àkíbù, bàbá ọmọ, lé e jáde nínú agbo ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnká. Ó ní ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí Karimat wá sọ pé àwọn Jubril fẹ́ tún fíìmù àtijọ́ kan ṣe, pé òun ni wọ́n ní kó ṣe ọmọ ọba, Àlàájì gbé fìlà tó ń rán sílẹ̀.

"Fíìmù kí ni?"

"Ti ọ̀daràn kan ni, Bàbá. Ó fẹ́ gba gbogbo ayé. Ó kọ́lé sábẹ́ òkun, ó jí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kó síbẹ̀, ó sì fipá fẹ́ ọmọ ọba."

"Ta ló ń ṣe ọ̀daràn?"

"Jubril."

Àlàájì pòṣé. "Ẹni tí kò tíì rẹ́ǹtì yàrá kan ní Kúdẹ̀tì ló fẹ́ gba ayé."

Ṣùgbọ́n ó rò ó pé tóun bá kọ̀, wọ́n á lọ yà á níbi tójú òun kò tó. Ó ní àgbàlá òun ni kí wọ́n ti yà á. Òun fúnra òun ni yóò ṣe ọba.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ìgbéyàwó, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ó gbóòórùn omi tí wọ́n gbé fún ọmọ náà kó tó jẹ́ kó mu ún. Ó ní kí àgbà méjì láti ilé kejì jókòó ti Jubril, kí wọ́n máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Nojeem, tó ń darí eré, mú ọkùnrin kan tó wé láwàní wá pé òun ni yóò ṣe ààfáà.

"N kò mọ̀ ọ́n," Àlàájì ní. "Tó bá lọ ń ka nǹkan mìíràn sọ́mọ mi lórí ńkọ́?"

Ó ránṣẹ́ sí Ààfáà Zakariyya, lèmọ́ọ̀mù àdúgbò. Ààfáà wo kámẹ́rà, ó wo Àlàájì.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ?"

"Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ, Ààfáà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹ̀sìn wa ṣeré."

Jubril kó bébà tí wọ́n yà bí owó jáde, pé sàdáàkì ìyàwó nìyẹn.

"Ayédèrú owó lọ́wọ́ ọmọ mi? Kí ọlọ́pàá wá gbé e?"

Jubril yọ owó gidi lápò, ó kó o lé Karimat lọ́wọ́.

Nojeem fẹ́ ka orúkọ tí ọmọ ọba ń jẹ́ nínú eré. Àlàájì dá a dúró. "Orúkọ tí n kò sọ ọ́, ẹ má fi pè é níwájú Kùránì. Ìwọ Jubril, sọ orúkọ bàbá rẹ, kí n mọ ilé tí màá lọ bí nǹkan mi bá sọnù."

"Jubril ọmọ Afeez, Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, sà."

Àlàájì wá sọ ọ̀rọ̀ ọba: "Mo fi Karimat ọmọ mi fún ọ." Jubril ní òun gbà. Ààfáà ṣàdúà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọmọ náà, ọkàn bàbá rẹ̀ sì balẹ̀.

"Ẹ kó kámẹ́rà yín. Karimat, fún un lówó rẹ̀, kó o wọlé."

Karimat kò mira.

"Kó fún un kẹ̀?" Ààfáà Zakariyya ní. "Bàbá ọmọ fi í fún ọkọ, ọkọ gbà, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́, sàdáàkì wà lọ́wọ́ ìyàwó. Àlàájì, yìgì kò léré nínú. Ó ti so."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájì Àkíbù, tí kì í wo fíìmù, jókòó wo ti àtijọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì rí ọmọ ọba kankan níbẹ̀.