Latifou Tó Ti Ẹ̀kọ́ Gbogbo Yunifásítì Pa

Ẹ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ má dúró ní ìdajì o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "láìsí èmi, kò lè ṣeé ṣe", ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Bó bá ta yín lára, ó dáa bẹ́ẹ̀.

1.

Latifou, ọmọ Daagbé tó ń gbé ní Ifangni, lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà, olùkọ́ yunifásítì ni. Nígbà tí àwọn yunifásítì orílẹ̀-èdè wa pinnu láti jọ ṣe ẹ̀kọ́ kan lórí ìtọ́jú aláboyún, tí ọmọ àríwá àti ọmọ gúúsù á jọ máa kọ́ lórí fóònù, olùkọ́ márùn-ún ni wọ́n yàn. Wọ́n ní kí Latifou, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kó iṣẹ́ gbogbo wọn jọ. Àkójọ ni wọ́n wí o, wọn ò ní kó gbà á ní tirẹ̀!

Delphine, olùkọ́ kan láti àríwá tó wà nínú àwọn márùn-ún náà, pè é. "Mẹ́sìyé Latifou, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo yunifásítì jọ ní. Bí nǹkan bá ṣe ẹnìkan nínú wa, àwọn yòókù á lè ṣí i."

Latifou rẹ́rìn-ín. "Madame, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló dáa jù."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe. Ó lọ sí Igolo, ó ra síìmù Nàìjíríà lẹ́nu ibodè, bí gbogbo wa ṣe máa ń rà á. Ó fi nọ́ńbà yẹn ṣí àkáǹtì ti ara rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kó ẹ̀kọ́ náà síbẹ̀, ó sì kọ orúkọ tirẹ̀ nìkan sókè. Èrò rẹ̀ ni pé kò sí ará Kútọnù tí ọwọ́ rẹ̀ máa tó nọ́ńbà òdìkejì ibodè. Ó yọ síìmù náà, ó jù ú sínú àpótí, ó gbàgbé ẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù!

2.

Fawziath ni àbúrò Latifou obìnrin. Ó ń ran àwọn agbẹ̀bí lọ́wọ́ nílé ìwòsàn, ó lọ́mọ lọ́mú, kò lè máa rìnrìn àjò lọ kàwé. Ẹ̀kọ́ orí fóònù yìí nìkan ni ọ̀nà tó ní láti di agbẹ̀bí pátápátá, ìdánwò ọdún yìí ló sì kù fún un. Bó bá pàdánù rẹ̀, ó parí nìyẹn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ó ń wá, ó ń lọ. Fawziath àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gba gbogbo ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ sórí fóònù, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Wátsáàpù, kí àwọn tó wà ní Banigbé náà lè rí i kà. Latifou gbọ́, ó gbaná jẹ, ó pe Fawziath wá sílé rẹ̀.

"Ta ló fún yín láṣẹ? Ẹ̀ ń pín iṣẹ́ mi kiri?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ èèyàn márùn-ún ni."

"Pa ẹnu ẹ dé! Lónìí ni màá ti ẹ̀kọ́ náà pa. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Pa èyí tó wà lórí fóònù ẹ rẹ́, lójú mi báyìí!"

Fawziath di fóònù rẹ̀ mú. "Mi ò ní pa á rẹ́."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò ní pa á rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́, mi ò ní yájú sí yín láé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ogún bàbá wa."

Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn! Latifou lé e jáde. Ó sì ti ẹ̀kọ́ náà pa lóòótọ́, fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

3.

Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ariwo ta láti gbogbo yunifásítì pé kí Latifou ṣí ẹ̀kọ́. Ẹ̀rù bà á, ó ní kóun ṣí i. Ṣùgbọ́n bó ti ti àkáǹtì náà pa, kò ní ṣí mọ́ àfi pẹ̀lú kóòdù tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà Nàìjíríà yẹn. Ó ki síìmù bọ fóònù, kò ṣiṣẹ́. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún un ní Igolo.

"Síìmù tẹ́ ò lò látọjọ́ yìí? Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà yẹn."

Latifou pe nọ́ńbà náà. Ọkùnrin kan gbé e ní Ṣàgámù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á."

"Kóòdù? Olè! Ẹ̀yin ọmọ yàhúù, ẹ ò rí mi mú!" Ó pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí i.

4.

Àwọn yunifásítì pe ìpàdé. Latifou dìde. "Ẹ dákun, ẹ sún ìdánwò síwájú, kí n lè tún un ṣe."

Delphine ní, "Kò sóhun tá a fẹ́ sún. Fawziath àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti kó gbogbo ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ti wà lórí ojúlé gbogbo wa láti àná."

Wọ́n yọ Latifou kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ẹlòmíràn tún apá tí Latifou ṣe kọ, wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ sí i láìku ẹnìkan, àfi tirẹ̀. Fawziath ṣe ìdánwò, ó yege.

Latifou wá bá a nílé. "Àbúrò mi, bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n ṣáà fi orúkọ mi sí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, oúnjẹ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín bẹ ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di ohun tí gbogbo wa ni mọ́ àyà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ ṣọ́ra. A ò ní kúnlẹ̀ tọrọ ohun tó jẹ́ tiwa. Bẹ́ ẹ bá tìlẹ̀kùn, a máa gba ibòmíràn wọlé, ẹ̀yin lẹ máa ṣẹ́kù síta. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.