Ìgò Kẹsàn-án

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2025, àyẹ̀wò tuntun dé sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹran kan ní Uwani, Enugu.

Ohun tí ara fi bá àrùn jà ló ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Kò nílò kòkòrò ààyè bíi ti àtijọ́.

Dókítà Mákindé, ọ̀gá ibẹ̀, ń yangàn fún àwọn àlejò.

"Kò séwu mọ́! Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dá yòówù, ó máa mú àrùn inú rẹ̀. Moríyọ̀, ṣe é kí wọ́n rí i."

Moríyọ̀, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ti búra pé ẹnu ọkùnrin yìí ni yóò jẹ́rìí ta kò ó.

Ó to ìgò ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ mẹ́jọ. Ó fi ìkẹsàn-án kún un láti inú firísà. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn. Òfin ọ̀gá ni.

Nígbà tó ṣe àyẹ̀wò náà tán, ìkẹsàn-án nìkan ni àwọ̀ rẹ̀ yí padà, àmì àrùn.

"Eléyìí ti kó ibà tó ń mú ewúrẹ́ ṣẹ́yún," ni Mákindé wí.

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Mo lè búra ní kóòtù! Ewúrẹ́ ta ni?"

"Kì í ṣe ewúrẹ́, sà. Ẹ̀jẹ̀ Súnmọ́lá àbúrò mi ni, tí ẹ ní kó máa da kòkòrò ààyè níbí láìwọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ní ibà ẹ̀fọn ló ṣe é."



Ibà tí wọn kò tọ́jú yẹn ti fọ́ ojú Súnmọ́lá méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.