Agolo Mílíìkì Bàbá

Láràárọ̀ ni mò ń kó ìdọ̀tí lọ sẹ́nu títì, síbi àpótí tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnu mẹ́ta: ọ̀kan fún ike, ọ̀kan fún agolo, ọ̀kan fún èèpo iṣu àti àjẹkù. Ohun tí a bá jù sí i lẹ́nu ló fi ń mọ ẹni tó wà nílé àti ohun tí kálukú ń jẹ.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Fẹ̀hìntọ́lá. Bàbá ń kọ́?" ni àpótí náà máa ń bi mí.

"Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí ọ."

Àfi àná. Páálí mílíìkì tí ọkọ mi rà kí wọ́n tó kú, tí mo ń lu lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà, ti tán, kò sí agolo lọ́wọ́ mi.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ó ní.

Mo dúró títí oòrùn fi mú. Irọ́ ni, kò béèrè Bàbá. Ará àdúgbò ò béèrè wọn mọ́. Àwọn ọmọ gan-an kì í dárúkọ wọn lórí fóònù, wọ́n ní kí n má baà sunkún. Ta ló ní n ò fẹ́ sunkún?

Mílíìkì kì í bá mi lára mu, Bàbá nìkan ló ń mu ún nílé wa. Síbẹ̀ mo yà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ra ọ̀kan, mo lu ú, mo dà á fún ológbò wa.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ agolo náà sẹ́nu àpótí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Bàbá ń kọ́?"

"Wọ́n ti jí," mo ní. "Wọ́n ń mu tíì lọ́wọ́."